Ìrìn Àjò Wa sí Sanson Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Ayàwòrán



Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, àwọn àgbà ìjọ rán wa lọ sí Sanson ní ilẹ̀ Tchaourou, pé kí a lọ ya fọ́tò wá fún ojú ewé ìdílé. Iṣẹ́ náà kò le. Kí a ya ilé ìjọsìn kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ fi páànù tuntun bò. Kí a ya àwọn ọmọ tí ń kọ́ katikísímù. Kí a ya ọjà bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Kí a sì máa bọ̀ nílé. A jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ti rán wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ páànù ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a padà dé.

Láti Ṣábẹ̀ẹ́ ni a ti wọ táksì, àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ó mọ fọ́tò í yà jù wá lọ. Ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Kútọnù lọ sí Parakú ni a gbà. A kọjá Kilibo, a kọjá Toui, a kọjá Papané níbi tí ilé ìwòsàn Saint Martin ti Ìjọ wa wà, kí a tó wọ Tchaourou. Ìlú yìí ni Boni Yayi ti wá, ẹni tí ó ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láti 2006 sí 2016, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Orúkọ Sanson ni ó lè ṣàjèjì. Ọ̀kan ni nínú apá méje tí ìjọba pín ilẹ̀ Tchaourou sí. Àwọn yòókù ni Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika, Tchatchou àti Tchaourou fúnra rẹ̀. Àwọn Ìbàrìbá, àwọn Fúlàní àti àwa Nàgó ni a jọ ń gbé agbègbè náà, ènìyàn sì lè gbọ́ èdè mẹ́ta lọ́jà kí ó tó ra iyọ̀ tán. Igi kajú ń tanná lọ́tùn-ún lósì lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin sì to iṣu sí ẹ̀bá títì bí ẹni to igi ìdáná.

Táksì já wa sílẹ̀ ní Tchaourou, àwọn alálùpùpù tí yóò gbé wa lọ sí Sanson kò sì tí ì dé. A bá ní kí a fi àkókò náà lọ wo ìdíkọ̀ rélùwéè. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Kìlómítà 438 ni ojú irin yẹn láti Kútọnù dé Parakú. Nígbà tí a wà ní séminárì, òun ni ó ń gbé wa lọ sílé fún ìsinmi. Bí ó bá ti dúró ní ìdíkọ̀ kan, àwọn obìnrin á sáré wá sí ojú fèrèsé pẹ̀lú ẹyin sísè, wàrà Fúlàní àti dùndú, owó á sì máa kọjá lókè orí àwọn ènìyàn bí ẹyẹ. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà kò ti gbé èrò mọ́. Koríko ti hù láàárín irin, ewúrẹ́ sì ń sùn síbi tí èrò ń dúró sí.

Lábẹ́ òrùlé ìdíkọ̀ náà, ọkùnrin kan sùn sílẹ̀, ó ká ara rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Kí a má purọ́ fún yín, ó wù wá. A rò ó pé fọ́tò tí yóò mú àwọn òǹkàwé wa ṣàánú tálákà nìyí. A gbé ẹ̀rọ sókè, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì fẹ́ máa lọ. Ni ohùn kan bá jáde láti inú àpò náà:

“Ẹ ò kí mi.”

Èdè Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an ni. Ẹsẹ̀ wa dúró.

“Ẹ ò kí mi kí ẹ tó mú mi.”

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, ọmọ tí ó bá wọlé tí kò kí àgbà kò ní jẹ oúnjẹ alẹ́ ní àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jókòó ní séminárì tí a ń kọ́ Látìnì àti ọgbọ́n orí àwọn Faransé, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ni a kùnà láàárọ̀ ọjọ́ náà. A dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má bínú. Ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?”

Ó jókòó, ó nu ojú, ó dáhùn ìkíni wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí a jẹ́ kí òun wo ohun tí a mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí i. Ó wò ó pẹ́.

“Èyí kì í ṣe èmi,” ni ó wí. “Àpò ni ẹ yà.”

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ méjì àti àpò ni ó wà níbẹ̀. Ó rẹwà lójú, kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀. Bàbá ní kí a pa á rẹ́, a sì pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀.

A ra tíì gbígbóná àti búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń tà á nítòsí ibẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ jẹ ẹ́. Obìnrin náà ka owó tíì méjì nínú owó wa, ó dá ìyókù padà, ó ní òun kì í gba owó tíì bàbá. Ibẹ̀ ni bàbá ti sọ fún wa pé alááru ni òun ní ìdíkọ̀ yìí fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ó ru iṣu, ó ru òwú, ó ru àpò àgbàdo, ó ru àpótí àwọn ọmọ séminárì. Ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní bóyá òun ti ru tiwa rí. Ó ṣeé ṣe. Àpótí wa máa ń wúwo nítorí ìwé, a kì í sì í wo ojú ẹni tí ó ń gbé e. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, iṣẹ́ dúró. Ó lọ ń kọ ebè fún àwọn olóko títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú. Kò sì pẹ́ tí onílé fi gba yàrá rẹ̀ padà. Ó ní àbúrò obìnrin kan ní Toui, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti lọ bá a lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí ó jẹun tán, ó bu omi bọ́jú, ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì lọ dúró síwájú ògiri ìdíkọ̀, ó na ara rẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wé láwàní oyè lé lórí. “Ó yá, ẹ yà mí.” A yà á. Kò rẹ́rìn-ín, a kò sì sọ fún un pé kí ó rẹ́rìn-ín.

Lórí alùpùpù tí ó gbé wa lọ sí Sanson, pẹ̀lú eruku pupa lẹ́nu, ohun kan tí a rí ní séminárì ni ó ń padà wá sí wa lọ́kàn. Olùkọ́ wa kan fi àwọn àwòrán àtijọ́ hàn wá, èyí tí Fádà Francis Aupiais ti ẹgbẹ́ SMA, tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Àjàṣẹ́, ṣètò rẹ̀ ní ọdún 1930. Òun àti ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Frédéric Gadmer ni wọ́n jọ rìn káàkiri ilẹ̀ Dàhómè, bí a ti ń pe orílẹ̀-èdè wa kí ó tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Olówó ilẹ̀ Faransé kan, Albert Kahn, ni ó rán Gadmer wá. Ó fẹ́ kí a ya àwòrán gbogbo ayé kí a sì kó wọn pa mọ́, wọ́n sì wà ní Boulogne-Billancourt lẹ́bàá Paris títí di òní. A kò gan iṣẹ́ náà. Fádà Aupiais fẹ́ kí àwọn Òyìnbó rí i pé a ní ẹwà, a sì ní ọgbọ́n, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ọmọ ń béèrè ni, “Ta nìyí? Ọmọ ta ni?” Bí ó bá jẹ́ ọba, olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó ru igbá, olùkọ́ á ṣí ojú ewé sí òmíràn.

Sanson gbà wá dáadáa. Wọ́n fún wa ní iyán alẹ́ tí a kò lè parí, a sì ya páànù láti apá mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ni ọjà ná. Ní ìkangun ọjà, lábẹ́ àtíbàbà kan tí kò sí ọjà lábẹ́ rẹ̀, obìnrin kan jókòó tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aṣọ ara rẹ̀ ti ya débi pé kò bò ó mọ́, egbò ńlá sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yọ fóònù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní bí fọ́tò rẹ̀ bá tàn káàkiri, àwọn ará ilé rẹ̀ lè rí i kí wọ́n wá gbé e. A kò mọ ohun tí a ó fi dá a lóhùn. Obìnrin alákàrà kan, Ìbàrìbá tí ó gbọ́ Nàgó ọjà, ni ó dá a lóhùn.

“Ẹ dúró ná. Obìnrin ni.”

Ó tú ìró kejì tí ó wà ní ìdí ara rẹ̀, ó lọ wé e mọ́ obìnrin náà, ó so ó lẹ́yìn ọrùn bí a ti ń so aṣọ fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí wa. “Ẹ lè wá kí i nísinsìnyí.”

Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí obìnrin náà ti wá. Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó já a sílẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, kí òjò tó dá. Ní ọjọ́ ọjà, alákàrà ni ó ń fún un lóúnjẹ. Ní ọjọ́ mìíràn, ìyá Fúlàní kan tí ń ta wàrà. Bí òtútù ọyẹ́ bá mú, aránṣọ kan ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí ó pe ìpàdé lé e lórí. A na owó sí obìnrin náà, ó sì jù ú sínú eruku. Alákàrà rẹ́rìn-ín títí. “Kì í ṣe owó ni ó ń wá. Ẹ jókòó.” A jókòó sórí igi àtíbàbà náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí obìnrin náà tó dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Ó wò wá, ó mú ọ̀kan nínú àkàrà mẹ́rin tí wọ́n bù fún un, ó fi sí wa lọ́wọ́. A jẹ ẹ́.

Irú ẹni báyìí ni à ń pè ní wèrè, tí a ń gba òdìkejì ọ̀nà bí a bá rí i. Ọmọ ilẹ̀ wa kan náà gba òdìkejì ọ̀nà rí. Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀. Ní 1971 ó lọ sí Côte d’Ivoire, ó ń lẹ táyà ní Bouaké, ó là, ó ra táksì, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀ débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Àlùfáà kan mú un lọ sí ìrìn àjò mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù ní 1982. Ìgbà tí ó dé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n wò pẹ̀lú ẹgbẹ́ àdúrà kan. Ní 1990 ó rí ọkùnrin kan ní ìhòòhò tí ń wá oúnjẹ nínú ààtàn. Ó ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ni ó sì máa ń bà á. Ní ọjọ́ náà ó rò ó pé Jésù tí òun ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni èyí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní òru pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tútù, wọ́n ń wá àwọn tí ń sùn síta, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Saint Camille ti di ilé ìtọ́jú ní Côte d’Ivoire àti nílẹ̀ wa níbí, irú èyí tí ó wà ní Avrankou lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ó sì ń tú àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi sílẹ̀.

Àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti ya fọ́tò irú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn New York Times kọ nípa rẹ̀ ní 2015. A kò ní sọ pé wọn kò ṣe dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá rí ẹ̀wọ̀n náà kò ní gbà pé ó wà. Bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà jàre díẹ̀. A kò tí ì parí àríyànjiyàn yẹn, àwa àti òun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àti omi Grégoire ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹ̀rọ ayàwòrán kankan tó dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àgbà ìjọ Sanson mú wa lọ kí àlejò kan ní ẹ̀yìn ìlú, lábẹ́ igi òrí: ọkùnrin Fúlàní kan, ọmọ méjì, ìkòkò kan, ẹní kan. Láti apá Alibori ni wọ́n ti sá wá. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ lórí rédíò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìhà àríwá wa láti òpin ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu àwọn ọmọ ogun ní Porga; ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025 nìkan, ọmọ ogun wa 54 ni wọ́n pa. Ẹni tí kò ní ìbọn ní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ní.

Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ kí i. A béèrè àlàáfíà rẹ̀, ti àwọn ọmọ, ti ọ̀nà tí wọ́n rìn, àgbà ìjọ sì ń túmọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí ẹ̀rọ ní ọrùn wa, ó sáré wá, ó dúró pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Bàbá rẹ̀ pè é padà.

“Ibo ni fọ́tò náà yóò lọ?”

A ní sínú ìwé ìjọ wa ni, àwọn ìdílé ni ó ń kà á.

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

A dákẹ́. Ẹ mọ̀ bí ó ti ń ṣe: ẹnìkan á fi fóònù ya ojú ewé, á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún wa láìbínú. Ó ní bí ojú òun bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òun sá fún, wọn yóò mọ ibi tí òun wà. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, wọn yóò wo fìlà òun àti awọ òun, wọn yóò ní òun ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń pa ènìyàn. Ẹ̀rù tí ó bà á lẹ́yìn ni ó tún ń bà á níwájú.

A bọ́ ẹ̀rọ náà lọ́rùn. Ọmọ náà bú sẹ́kún, nítorí ó ti múra tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà sí i lójú, ó jẹ́ kí ó wo inú rẹ̀ láìtẹ ohunkóhun. Ó rí bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, ó rí ìkòkò, ó rí wa. Ó wò títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹnìkan nínú àwọn ará ìjọ Sanson ti fún wọn ní ahéré oko rẹ̀ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òjò, olóko fúnra rẹ̀ nílò ahéré náà, kò sì tí ì sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ bá ní páànù tí ẹ kò lò, tàbí ẹní, tàbí ìkòkò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá bá wa lẹ́yìn Mísà. Ní ti obìnrin abẹ́ àtíbàbà, àwọn ọlọ́jà ti dá owó alùpùpù láti gbé e lọ sí Papané nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò bá a jókòó níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní rí fọ́tò obìnrin náà, tàbí ti ọkùnrin abẹ́ igi òrí, lórí ojú ewé yìí. Páànù àti àwọn ọmọ katikísímù ni ẹ ó rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a padà kọjá ní Tchaourou pẹ̀lú fọ́tò bàbá alááru nínú àpòòwé. A ti fọ̀ ọ́ ní ńlá, méjì, nítorí a rò pé yóò fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Toui. Ó wà ní ìdíkọ̀, ó ń gbá ilẹ̀ níwájú tábìlì oníbúrẹ́dì. A kí i, ó dáhùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kí ó tó gba fọ́tò náà. Ó wò ó, ó fi han oníbúrẹ́dì, ó fi han ọlọ́kọ̀ kan tí ń mu tíì, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Ẹ ò kọ orúkọ sí i.”

A yọ bíírò. Ìgbà náà ni a rí i pé láti ọjọ́ tí a ti ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú rẹ̀, a kò tí ì béèrè orúkọ rẹ̀. Ó rí i lójú wa. Ó gba bíírò náà lọ́wọ́ wa, ó tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì láàárín àwọn ife, ó sì rọra kọ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ó ti máa ń kọ nọ́ńbà sára ẹrù.